Sàúdátù Alápò àti Ẹsáítà Tuntun

Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì Sàúdátù àti Ayman ni mo mọ̀ dájú pé obìnrin yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àwa yòókù. Aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀, Fàtímọ̀, rán fún un lọ́jọ́ náà, léèsì tó ń dán yinrin, ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Àpò gidi ni o, tó jìn dé ìdajì itan. Àwọn ẹbí ọkọ ń wo ara wọn lójú. Ìyàwó wo ló ń fi àpò sí aṣọ yìgì, kí ló fẹ́ kó síbẹ̀? Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní bóyá ó fẹ́ fi kó mọ́í-mọ́í lọ sílé ọkọ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, nítorí èmi mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wa ni, ó gbé e lọ síbi yìgì ara rẹ̀ torí pé kò fọkàn tán ẹnì kankan nínú wa.

Èmi ni Olúyọmí. Èmi ni mò ń ka ìròyìn ní Rédíò Àárọ̀ Ire, lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Bí ẹ bá ń gbé agbègbè wa tí ẹ kò sì mọ ohùn mi, a jẹ́ pé rédíò yín ti bàjẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ohùn mi dùn, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohùn mi kò lè dé ẹnu géètì bí kò bá sí ẹ̀rọ tí Sàúdátù ń tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí ó ti sú mi kí àwọn àlejò máa wọ ọgbà wa, kí wọ́n máa bi mí pé, "Obìnrin yẹn ńkọ́, ṣé òun ló ń gbálẹ̀ ibí ni?" Inú máa ń bí mi débi pé mo lè sọ òkò.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí náà: àwa kì í ṣe FM. AM ni wá, ẹ̀rọ àtijọ́, irú èyí tí fóònù yín kò lè gbà. Àwọn ọmọ ìgboro máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sínú oko lẹ́yìn Ìmùṣin, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé, tí FM kàn ń hó ṣíííí, ẹ máa rí rédíò oníbátìrì tí bàbá kan fi okùn so kọ́ ẹ̀ka igi kòkó. Ohùn mi ló ń jáde níbẹ̀ ketekete. Àwa là ń kéde ẹni tó sọnù, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀nà tí àgbàrá ti já. Òpó wa dúró láàárín oko ẹ̀gẹ́, ó ga débi pé àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà máa ń fi júwe ilé wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀rọ náà ni Ọ̀gá Simeon, ọmọ Ìbẹfun. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, adárin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ọ̀sán. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Ẹnjiníà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú ọgbà wa, kódà bí o bá ní ìwé ẹ̀rí tó kún àpótí.

Nígbà tí Sàúdátù wá sọ́dọ̀ wa láti pólì pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́, ó wọ gáùnù gígùn àti ìjáàbù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Ọ̀gá Simeon wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Níbo ni àpò rẹ wà?"

Ọmọbìnrin náà rò pé ọkùnrin yìí fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ kọrẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mú nǹkan kan dání."

"Ta ló ní kí o mú nǹkan dání? Mo ní níbo ni àpò rẹ wà. Ẹni tí kò bá lápò kò gbọdọ̀ kọjá sẹ́yìn ẹ̀rọ mi."

Ohun tó fà á rèé. Iná tó wà nínú tiransimítà, ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ yẹn, kì í ṣe iná ilé. Bí o bá fi ọwọ́ kan kàn án, tí ọwọ́ kejì tún dì mọ́ irin, àárín àyà rẹ ló máa gbà kọjá, ó parí. Nítorí náà, bí Ọ̀gá bá wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì á wà nínú àpò ṣòkòtò títí iṣẹ́ á fi parí. Àpò kejì ni ilé kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó ń tan ẹ̀rọ náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò lè wà níbi méjì. Bí o bá wà nínú lọ́hùn-ún tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, kò sí wèrè tó máa tan iná lé ọ lórí.

Sàúdátù délé pẹ̀lú ìbínú. Télọ̀ ni Fàtímọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Òkè-Àjé, ó sì ti ń dùn ún tipẹ́ pé ọmọ òun kò fẹ́ràn iṣẹ́ ìránṣọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àpò lásán-làsàn? Bọ́ gáùnù yẹn wá."

Ọjọ́ kejì, Sàúdátù dé, ó ki ọwọ́ bọ àpò méjèèjì níwájú Ọ̀gá Simeon bí ẹni tó fẹ́ jà. Ọ̀gá kàn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè kọjá. Láti ọjọ́ náà, gbogbo aṣọ rẹ̀, ti ilé, ti yídì, ti òkú, ti yìgì, Fàtímọ̀ kò rán ọ̀kan láìsí àpò. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Sàúdátù Alápò nìyẹn.

Ó ku òfin Ọ̀gá kan, òfin pupa. Ọ̀gá máa ń gba kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀, Màmá Rachel, yẹn ni ohun pupa tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, á sì kán an sórí gbogbo nǹkan tó bá ti tò dáadáa tí kò fẹ́ kó yẹ̀ mọ́. Ìdè kan níbí, bọ́tìnnì kan lọ́hùn-ún. Á gbẹ, á le, kò ní mì. "Níbi tí ẹ bá ti rí pupa, ẹ yọwọ́." Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí òfin yìí ṣe wọ̀ wá lára tó. Ọ̀gá kán kútẹ́ẹ̀sì sórí bọ́tìnnì éésì ọ́fíìsì wa nígbà kan, nítorí àwa ọ̀lẹ ń yí i síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, súwẹ́tà là ń wọ̀ ka ìròyìn, nínú oòrùn Ìjẹ̀bú yìí. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó gba Ìbẹfun lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan éésì náà. Kódà Máníjà wa, ọ̀gbẹ́ni Joel, máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn.

Bí Ọ̀gá ṣe ń lọ, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò tirẹ̀, ó jù ú sínú àpò Sàúdátù. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí.

Mò ń kéde òkú lọ́wọ́, mo ti gbé ohùn mi wálẹ̀ bó ṣe yẹ, nígbà tí Sàúdátù yọjú lójú fèrèsé sítúdíò, tó ń mi orí. Mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Ó tún mi orí. Ibẹ̀ ni mo mọ̀ pé ògiri ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀. Ẹsáítà inú tiransimítà ti kú.

Kí ni ẹsáítà? Ọ̀gá Simeon ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ bí adárin. Ó ní ẹsáítà ni ẹni tó ń dá orin, tiransimítà ni agbo ẹlẹ́gbè. Ẹni tó ń dá orin á mú ohùn kan jáde, ohùn kékeré, ṣùgbọ́n ohùn tó dúró lójú kan tí kò yẹ̀. Agbo á gbà á, wọ́n á gbé e dé òkè ọ̀run. Ìròyìn tí mò ń kà kàn gun orin náà lẹ́yìn ni, ó ń bá a lọ. Bí ẹni tó ń dá orin bá dákẹ́, agbo á yanu sílẹ̀ lásán. Ẹ̀rọ wa wà digbí, fáànù rẹ̀ ń fẹ́, iná rẹ̀ ń tàn, kò ní orin tó máa gbà.

Sàúdátù tú ẹsáítà náà, ó jó wáyà inú rẹ̀ pọ̀, ó tò ó, ó tún un tú. Ó wá ẹ̀yà ara rẹ̀ dé Èkó, wọn kò ṣe é mọ́ láyé. Níkẹyìn ó sọ fún Máníjà pé ká ra ẹsáítà tuntun, ká gbé e síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ká fi wáyà mú orin rẹ̀ wọ inú. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀lé e ni ọ̀gbẹ́ni Joel dorí kodò sọ fún wa: bí a kò bá tíì fọhùn kí wọ́n tó dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n á wó òpó, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á gbé gbogbo ètò lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Íńtánẹ́ẹ̀tì! Íńtánẹ́ẹ̀tì wo ni bàbá tó so rédíò kọ́ igi kòkó fẹ́ bá wa dé? Mo pariwo, mo lu tábìlì. Sàúdátù kò pariwo. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ mú nínú àpò.

"Bùrọ̀dá Olúyọmí," ó ní, "ẹ̀rọ tí Ọ̀gá fi lé mi lọ́wọ́ ló kú sí mi lọ́wọ́ yìí. Mi ò tíì lè lọ kí wọn ní Ìbẹfun látìgbà náà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Páálí ẹsáítà kò dé àfi àárọ̀ Jímọ̀ gan-an. Ẹ wò ó, ara mi ò balẹ̀! Èmi tí mò ń bẹ̀rù iná bí ẹni ń bẹ̀rù ejò, èmi ni mo fi ọ̀bẹ já páálí. Ohun tó jáde kò ju àpótí ìwé kan lọ, dúdú, pẹlẹbẹ, gíláàsì kékeré wà níwájú rẹ̀ tí nọ́ńbà ń tàn nínú rẹ̀. Sàúdátù gbé e bí ìkókó.

Ó pa iná. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dá a padà sápò. Ó mú ọ̀pá tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀, ó fi kan inú ẹ̀rọ níbi gbogbo kí iná tó sá pamọ́ síbẹ̀ lè jáde, nǹkan dún pàù, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé mo gbéra. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì wọ inú àpò. Ọwọ́ ọ̀tún fa wáyà láti ẹ̀yìn ẹsáítà, ó dè é mọ́ ibi tí ìwé ẹ̀rọ pè ní ẹnu ọ̀nà àlejò. Ó tẹ nọ́ńbà ìgbì wa sínú ẹsáítà, ó wọn agbára tó ń jáde lára rẹ̀ kó má pọ̀ ju èyí tí ìwé sọ. Ó yọ wáyà òpó kúrò lára ẹ̀rọ, ó fi dọ́mì rọ́pò rẹ̀, àpótí irin ńlá kan tó máa ń jẹ iná náà mọ́lẹ̀ kó má jáde síta, kí a lè dán an wò láìba nǹkan jẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ síwájú ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin ẹ ṣe àmín," ó ní, ó sì tàn án.

Fáànù gbéra. Iná aláwọ̀ ewé tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọ̀gbẹ́ni Joel tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gòkè. Abẹ́rẹ́ náà sùn sílẹ̀ fọnfọn.

Ó pa á, ó yẹ wáyà wò, ó tún un tàn. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ọ̀gbẹ́ni Joel ń wo aago, ó ń nu ojú. Sàúdátù mú ẹ̀rọ kékeré tó ń ya ìgbì sójú gíláàsì, ó pa iná ńlá, ó ṣílẹ̀kùn, ó tọ orin náà lẹ́sẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àlejò wọ inú. Ó wà níbẹ̀, ó rẹwà, ó dúró lójú kan. Ó tẹ̀síwájú díẹ̀. Ó wà. Ó tún tẹ̀síwájú. Kò sí mọ́.

"Mo ti rí i! Ó dúró síbí! Agbo kò gbọ́ ọ, ẹni tó ti kú ni wọ́n ṣì ń dẹtí sí!"

Mo fò sókè. Ike kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní jọ́ńpà, ló ń sọ fún ẹ̀rọ ẹsáítà tó máa gbọ́, ti inú tàbí ti ìta. Ká fà á kúrò lápá òsì, ká kì í bọ apá ọ̀tún, iṣẹ́ bùṣe. Mo ti ń tún ọ̀fun mi ṣe. Sàúdátù na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ọwọ́ náà sì dúró lójú òfurufú.

Pupa wà lórí rẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì Màmá Rachel, ó nípọn, ó ń dán.

Ó yọwọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà sún sẹ́yìn, ọ̀gbẹ́ni Joel, Máníjà pátápátá, òun ló jìnnà jù nínú wa.

"Bí Ọ̀gá ṣe dì í pa báyìí, ó ní ìdí," Sàúdátù sọ. "Bí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀rọ yìí tí kò gba àlejò, tí mo bá yí i, gbogbo agbo ló máa jóná. Kò sì sí òmíràn láyé." Ó pe fóònù Ọ̀gá. Kò lọ. Ó tún pè é. Kò lọ.

"Wọ mọ́tò mi," ni mo wí.

Àwọn ọlọ́kadà ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo fọn fèrè títí ó fi há. Sàúdátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò ní tàn bí a kò bá padà. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ìbẹfun ló ń kéré sí i lórí àga. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" "Sọ pé ẹ káàárọ̀ sà," mo dá a lóhùn. "Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ná."

Màmá Rachel ló ṣílẹ̀kùn. Ó pariwo, ó dì mọ́ Sàúdátù. "Fóònù bàbá yín bọ́ sínú omi láti oṣù tó kọjá, ó ní òun ò fẹ́ òmíràn. Ẹ wọlé, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ariwo tó ń gbọ́ kiri yẹn ti ń fọ́ mi lórí."

Ariwo náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọkùnrin náà. Ṣíííí. Ọ̀gá Simeon jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí nítorí làkúrègbé, rédíò ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń jáde níbẹ̀ ju híhó lọ. Sàúdátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lẹ ń gbọ́, sà?"

"Ibi tí ẹ wà ni mò ń gbọ́," Ọ̀gá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ tí a ti dákẹ́, ó fi rédíò sójú ibi tí a máa ń wà, ó ń ṣọ́ wa.

Sàúdátù bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀rọ yín kú sí mi lọ́wọ́, ojú ló ń tì mí tí mi ò fi wá."

"Ẹ̀rọ ta? Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà lápò mi, sà."

"Ta ló wá lẹ̀rọ?" Kò dúró gbèsì. "O gbé ẹsáítà síta, àbí? O so ó. Orin wọlé, agbo ò gbà á. O ti débi pupa."

"Mo ti débẹ̀, sà."

"Kí ló wá gbé ọ dé Ìbẹfun?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká yọwọ́ níbi tí a bá ti rí pupa."

"Ta ni mo sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo wa, sà."

"Rárá o." Ó na ìka sí mi. "Irú àwọn Olúyọmí yìí ni mo sọ ọ́ fún. Gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló lápò, ta ló rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ rí? Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń sọ̀rọ̀. Pupa wà fún àwọn tí kò lápò. Ìwọ ti lápò láti ọjọ́ kejì tí o dé. Ìgbà wo lo tún rí mi kí n lé ọ kúrò nídìí nǹkan kan?"

Mo yára ki ọwọ́ mi bọ àpò. Sàúdátù sún mọ́ Ọ̀gá.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi kùn ún, sà? Kí ló máa jóná?"

"Kò sí nǹkan tó máa jóná. Joel ni." Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kó tó di máníjà. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ó yí i sí ìta nígbà tí kò sí ẹsáítà kankan níta. A dákẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, òun náà sì dúró tì mí, ó ń bá mi wá a. Bẹ̀rẹ̀ láti agbára kékeré, ọmọbìnrin. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró dáadáa, fi kún un. Dìde, ẹ máa lọ."

Ní ẹnu ọ̀nà, Màmá Rachel ki ìgò kékeré kan bọ àpò Sàúdátù, omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́.

Mi ò lè sọ bí a ṣe padà. Mo mọ̀ pé oníkẹ̀kẹ́ kan ṣépè fún mi ní ìgboro, mo sì ṣe àmín fún un. Ọ̀gbẹ́ni Joel ti dúró sẹ́nu géètì. "Kí ni wọ́n sọ?" Mo ní, "Wọ́n ní kí a kí yín, sà," Sàúdátù sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà bú sẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ òsì wọ àpò. Ọwọ́ ọ̀tún fi òwú bọ omi náà, ó fi nu pupa, ó tún nù ún, títí òwú fi pọ́n tí jọ́ńpà sì funfun. Ó fà á. Kò fẹ́ jáde. Ó mi í díẹ̀, ó jáde, ó kì í bọ apá ọ̀tún, ó dún kẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tàn án láti agbára kékeré.

Abẹ́rẹ́ dìde.

Ó dìde! Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ó gòkè, ó dúró, kò gbọ̀n. Mo ké, ọ̀gbẹ́ni Joel ké, ó dì mọ́ mi, a sì ti jọ jà ní ọjọ́ Ajé. Sàúdátù nìkan ni kò ké. Ó pa á, ó yọ dọ́mì, ó dá wáyà òpó padà, ó tún un tàn, ó ń fi kún agbára díẹ̀ díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ṣe àdúà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ojú ibi tó máa ń dúró láyé ìjọ́hun, ó yíjú sí mi.

"Bùrọ̀dá, kí lẹ ń dúró ṣe? Ẹ lọ sọ̀rọ̀."

Mo sáré wọ sítúdíò, mo gbé súwẹ́tà sọ́rùn, mo ṣí ẹ̀rọ ohùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló sá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin ará ilé. Àwa rèé. Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

Mo ka nọ́ńbà tí àwọn olùgbọ́ fi ń pè wá. Kí n tó mí, fóònù ti ń dún. Obìnrin kan pè láti ojú ọ̀nà Ìmùṣin, ó ń pariwo pé ọkọ òun ti ń jó nínú oko. Ẹnì kan pè tó kàn ń rẹ́rìn-ín, kò sọ orúkọ. Láti fèrèsé, mo rí mọ́tò àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tó ń wọlé, gíláàsì rẹ̀ wà nílẹ̀, ohùn mi ni mo gbọ́ tó ń bọ̀ láti inú rẹ̀. Wọ́n ti ń gbọ́ wa bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè wo òpó náà fún ìgbà díẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gbẹ́ni Joel, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn ún lọ́dà, ó ti ń dípẹtà." Ọ̀rọ̀ wíwó tán níbẹ̀.

Fóònù tún dún. Mo gbé e sórí afẹ́fẹ́ bí mo ṣe gbé àwọn yòókù.

"Ẹ kú orí ìjókòó. Ta ló ń sọ̀rọ̀, láti ibo?"

"Simeon ni, láti Ìbẹfun." Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé Màmá Rachel ló yá a ní fóònù, nítorí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn. "Ẹ ti padà. Mo gbọ́ yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ ti pọ̀ jù, Olúyọmí, ó ń ya létí. Sọ fún Ẹnjiníà kó fà á sílẹ̀ díẹ̀."

Mo dáhùn bí ẹni tó gọ̀. "Ẹnjiníà wo, sà? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Èmi ti fẹ̀yìn tì. Ẹnjiníà tó wà nídìí ẹ̀rọ ni mo ní kí o sọ fún."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo yíjú wo yàrá ẹ̀rọ láti inú gíláàsì. Rédíò kékeré tó máa ń wà lókè ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, kò sídìí fún mi láti jẹ́ iṣẹ́ náà, ó ti gbọ́ ọ. Sàúdátù dúró níwájú tiransimítà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí ohùn mi wálẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan náà nu ojú rẹ̀. Ọwọ́ òsì wà nínú àpò.